Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé ẹ̀jẹ̀ lè bá rọ́bà rẹ́?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ọkàn lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń béèrè nípa máṣíìnì tó máa ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ nígbà tí dókítà bá dá ọkàn dúró. Iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn, ìdí máṣíìnì yẹn ni mo máa ń wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, perfusionist ni wọ́n ń pè wá, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi, ọ̀kan nínú fáàfù ọkàn wọn ti bàjẹ́. Dókítà ní àwọn máa gbé wọn sórí máṣíìnì, ó wá ní páìpù táwọn máa lò, wọ́n ti fi nǹkan kun inú ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ màmá lè gbà á. Wọ́n ń kánjú, mi ò lè bi wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n fi kùn ún? Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í gba páìpù lásán ni? Ọmọ Màmá, Ìbàdàn.

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbé màmá dìde. Ká sòótọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í gba páìpù lásán, kò gbà á rí, kò sì jọ pé ó máa gbà á láéláé.

Ṣé ẹ rí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú ẹ̀ látòkè délẹ̀, awọ yẹn sì wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide jáde, ó tún ń tú prostacyclin jáde, àwọn méjèèjì yìí ló ń sọ fún platelet, ìyẹn àwọn wóróró inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí ojú ọgbẹ́, pé kò sí ọgbẹ́ níbí o, ẹ máa kọjá lọ. Ojú awọ náà tún ní nǹkan kan tó jẹ́ ọmọ ìyá heparin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Torí ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú wa fún ọgọ́rin ọdún tí kò dì.

Rọ́bà ò ní ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ màmá á jáde látinú iṣan ńlá tó wọnú ọkàn, á gba inú rọ́bà bọ́ sínú ike ńlá kan, pọ́ǹpù á tì í lọ síbi tó ti máa gba ọ́síjìn, ibẹ̀ yẹn gan-an ló le jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn ike tó ní ihò nínú, tín-ín-rín bí irun, ló wà níbẹ̀, ọ́síjìn á máa gba inú wọn, ẹ̀jẹ̀ á máa gba ẹ̀yìn wọn kọjá, tẹ́ ẹ bá sì tẹ́ gbogbo ojú ike tẹ́jẹ̀ ń fara kàn níbẹ̀ sílẹ̀, ó máa tó nǹkan bíi square meter méjì, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn yàrá kan. Lítà mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà ò sì ju bíi lítà márùn-ún lọ, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara màmá á fara kan ilẹ̀kùn ike yẹn lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí kan tàbí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tó bá fara kàn án? Àwọn protein inú ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ lẹ̀ mọ́ ara ike, kí wọ́n tó ka ení èjì. Ó dà bí òde ìnáwó, àwọn tó tètè dé á ti lọ jókòó síwájú, tó bá yá àwọn tí ipò tọ́ sí á dé, wọ́n á ní kí wọ́n dìde ńbẹ̀. Albumin ló máa ń tètè dé, òun ò lápá, òun ò lẹ́sẹ̀, kò ní ìjàngbọ̀n kankan, àmọ́ kò ní pẹ́ tí fibrinogen á fi dé gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹ̀. Fibrinogen yìí ni platelet máa ń rí tó fi máa rò pé ọgbẹ́ ti wà, á lọ so mọ́ ọn, á máa pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, factor XII náà á jí, òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú ọ̀nà tẹ́jẹ̀ ń gbà dì. Àwọn tí wọ́n ń pè ní complement náà á dìde, ọlọ́dẹ ara ni wọ́n, kòkòrò àrùn ni wọ́n dá wọn fún, àmọ́ tí wọ́n bá rí ike, wọ́n á fọn fèrè pé olè ti wọlé, làwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú ara gbogbo. Ìyẹn wà lára ohun tó ń fà á tójú àtọwọ́ aláìsàn fi máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń gbomi sára, táwọn míì sì ń pẹ́ lórí ẹ̀rọ amímí. Ohun tó tiẹ̀ máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé platelet tó ti ṣòfò sára ike ò sí mọ́ láti dí ọgbẹ́ gidi, torí náà ẹ̀jẹ̀ kan náà tó ń dì nínú máṣíìnì, òun náà ló máa ń ṣòro láti dá dúró láyà aláìsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Heparin ni wọ́n kọ́kọ́ fi yanjú ẹ̀. Ọdún 1916 ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Jay McLean rí i ní Johns Hopkins, ní Baltimore, nǹkan tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló sì ń wá kiri o, òdì kejì ẹ̀ ló wá bá pàdé. Inú ẹ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti rí i, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fún un lórúkọ tó wá látinú ọ̀rọ̀ táwọn Gíríìkì fi ń pe ẹ̀dọ̀. Nígbà tí John Gibbon wá lo máṣíìnì tóun fúnra ẹ̀ ṣe ní Philadelphia, ní May 6, 1953, fún ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún tí ọkàn ẹ̀ ní ihò, heparin ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn máa ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó jẹ́ máṣíìnì nìkan ló gbé e dúró. Láìsí heparin, máṣíìnì yẹn ì bá dí pa.

Àmọ́ inú ara gbogbo ni heparin ń lọ, kì í ṣe ara ike nìkan. Ìyẹn làwọn kan fi ronú pé, dípò ká máa tú gbogbo ẹ̀ sínú èèyàn, kí ló dé tá ò lè fi lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà níbi tí wàhálà wà gan-an? Ní 1963, Vincent Gott àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi graphite, irú nǹkan dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, kun ara ike, wọ́n fi benzalkonium sí i, irú ohun tó máa ń wà nínú oògùn apakòkòrò, wọ́n wá jẹ́ kí heparin lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀dà ilé tójò ń pa lemọ́lemọ́ ló rí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn án lọ díẹ̀díẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ní 1983, Olle Larm, Rolf Larsson àti Per Olsson ní Sweden wá dé ọ̀rọ̀ náà ládé. Orí kan péré lára heparin ni wọ́n so mọ́ ike, wọ́n so ó le koko, wọ́n fi orí kejì sílẹ̀ kó máa mì lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bíi koríko etí odò tí gbòǹgbò ẹ̀ wà nílẹ̀ tí ewé ẹ̀ ń jó lójú omi. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé heparin fúnra ẹ̀ kì í dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́kun, protein kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ antithrombin ló máa ń gbá mọ́ra kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá wá so heparin tọwọ́-tẹsẹ̀ mọ́ ike, báwo ló ṣe fẹ́ gbá ẹnì kankan mọ́ra? Carmeda lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á, títí dòní olónìí ni wọ́n ṣì ń lò ó.

Àwọn míì ò wá lo heparin rárá. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ojú ike jọ ojú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ gan-an, phosphorylcholine tó wà lójú awọ sẹ́ẹ̀lì wa ni wọ́n ṣe irú ẹ̀, wọ́n fi kun inú páìpù, kí ẹ̀jẹ̀ rò pé ojúlùmọ̀ lòun ń kọjá lára ẹ̀. Àwọn ará Japan náà gbé ohun ìkùn míì tó ń jẹ́ PMEA jáde, ilé iṣẹ́ Terumo ló ń lò ó, ìyẹn ní tiẹ̀ máa ń di omi mú sójú ike, táwọn protein bá fi máa dé ibẹ̀ ojú omi ni wọ́n ń bà lé, wọn kì í lẹ̀ ṣinṣin, wọn kì í sì í yí ara wọn padà, platelet náà á sì máa wá ọ̀nà tiẹ̀ lọ.

Torí náà, Ọmọ Màmá, tẹ́ ẹ bá tún rí dókítà yẹn, ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ lò fún màmá, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn tí màmá bá ti gba heparin rí tí platelet wọn wá já wálẹ̀ lójijì. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí mo ti kọ sókè lọ, torí àwọn kan wà tí ara wọn máa ń bá heparin jà, irú wọn ò gbọdọ̀ lo páìpù tó ní heparin lára, oògùn míì tó ń jẹ́ bivalirudin ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò ẹ̀.

Àsàlámù àlékúmù. Mo gbọ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú heparin yìí. Ṣóòótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni Mùsùlùmí fẹ́ ṣe tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ọkàn kàn án? Alhaji, Ìlọrin.

Wàálékúmù sàlámù, Alhaji. Òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú heparin tí wọ́n ń lò láyé lónìí, awọ inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ti màlúù náà wà, wọ́n ń lò ó ní Brazil, wọ́n lò ó ní Amẹ́ríkà náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù àrùn màlúù wèrè ló jẹ́ kí ti Amẹ́ríkà kúrò lọ́jà. Kó sì dá yín lójú pé kì í ṣe ẹran ló kù nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á yọ gbogbo nǹkan tó kù kúrò, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn sọ fún yín pé kò ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá.

Mi ò kì í ṣe àfáà, mi ò sì ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí Súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 173, níbi tí Ọlọ́run ti ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ohun tó jẹ́ harámù, tó wá sọ nínú ẹsẹ̀ kan náà pé ẹni tí ìnira bá mú, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ rú òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ẹ mú u lọ bá àfáà tẹ́ ẹ fọkàn tán. Lápá tiwa níbi iṣẹ́, ohun tá a lè ṣe ni pé tó bá jẹ́ tinú páìpù nìkan ló ń dà yín láàmú, páìpù tí wọn ò fi heparin kùn wà, irú àwọn méjì tí mo dárúkọ lókè yẹn. Ṣùgbọ́n heparin tó máa wọnú ara ní tiẹ̀, kì í ṣe ohun tá a lè kàn yọwọ́ ẹ̀, torí bivalirudin tó lè rọ́pò ẹ̀ ò ní oògùn kankan tá a lè fi pa iná ẹ̀ kíákíá tí iṣẹ́ bá parí, nígbà tó jẹ́ pé heparin ní protamine tó máa ń pa tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ara ẹja salmon ni wọ́n ti rí protamine ní tiẹ̀, ìyẹn ò ní ìjọ̀ngbọ̀n ẹ̀sìn. Ẹ tètè sọ ọ́ o, Alhaji, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, torí ọjọ́ yẹn gan-an kọ́ la máa ń wá páìpù míì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ biochemistry. Ṣebí páìpù ti ní heparin lára, kí ló wá dé tí wọ́n tún ń fún aláìsàn ní heparin rẹpẹtẹ? Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀mejì? T.A., Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbúrò mi, ìbéèrè tó dáa lo bi mí, àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi kun ike, ẹ̀jẹ̀ tó bá fara kàn án nìkan ló lè bá wí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín páìpù, tí kò fara kan ògiri, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan níbi kọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó ń fara kan ẹ̀jẹ̀ nínú ike ńlá yẹn ńkọ́? Èyí tó wá burú jù ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà látinú àyà tí wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ yẹn ti fara kan ẹran tí ọ̀bẹ ti gé, ẹran tí wọ́n bá gé máa ń ní tissue factor lára, tissue factor yìí ló máa ń tanná ran gbogbo ọ̀rọ̀ dídì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá fà á padà sínú máṣíìnì bẹ́ẹ̀. O lè fi wúrà kun inú páìpù, ìyẹn ò ní kí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbaná láti àyà má gbaná. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sinmi gidi, kó dín ẹ̀jẹ̀ àyà tó ń fà padà kù, tàbí kó fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà, kó sì lo páìpù tó kúrú, kó tó máa pariwo orúkọ ohun tí wọ́n fi kun páìpù.

Ìdí nìyẹn tá a fi ṣì ń fún wọn ní heparin, nǹkan bíi 300 sí 400 unit fún kílò kan, tá a ó wá máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìdánwò tó ń jẹ́ ACT. Ẹ̀jẹ̀ tí kò gba oògùn máa ń dì láàárín ìṣẹ́jú méjì nínú ìdánwò yẹn, àmọ́ lórí máṣíìnì, ibi púpọ̀ máa ń fẹ́ kó kọjá 480 seconds kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń dín in kù tí páìpù wọn bá jẹ́ èyí tí wọ́n kùn, èmi kì í dín in kù.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan wà tá a ń ṣiṣẹ́ fún bàbá kan, páìpù tó dáa jù lọ́jà la lò, gbogbo wa sì fọkàn balẹ̀ sí i, àsìkò tó yẹ ká tún ACT ṣe kọjá, kò sẹ́ni tó rántí, àfìgbà tí mo rí okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike ńlá, àyà mi já pà. Nígbà tá a fi máa ṣe é, kò tó 300. Àṣé antithrombin bàbá yìí kéré, heparin tá a fún wọn ò rí ẹni bá ṣiṣẹ́, heparin tó wà lára páìpù náà ò rí ẹni bá ṣiṣẹ́, torí ẹnì kan náà làwọn méjèèjì ń retí. A fi heparin kún un, a fún wọn ní plasma, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, tó ní antithrombin nínú, bàbá sì lọlé láyọ̀, ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, aago tí mo fi ń rán ara mi létí ACT wà lápò mi ni.

Kí o má wá rò pé kò wúlò o. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí tó pọ̀ jọ lórí páìpù tó ní heparin, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sáwọn aláìsàn lára dín kù, àkókò tí wọ́n ń lò ní ICU náà dín kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo pè é, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi ni ECMO, ìyẹn máṣíìnì kékeré tó lè gbé ẹ̀dọ̀fóró èèyàn dúró fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, àyà ò ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ike ńlá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ò sí níbẹ̀, tí aláìsàn bá wá ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè dáwọ́ heparin dúró fúngbà díẹ̀ kí ohun tí wọ́n fi kun páìpù máa dáàbò bò ó. Ká ní rọ́bà lásán ni, ta ló jẹ́ dán irú ẹ̀ wò?

Sà, ẹrù páìpù yẹn wọ́n gan-an, àwa mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ní ká rà á. Ṣé wọn ò lè fọ tẹni tó ti lò ó kí wọ́n lò ó fún ẹ̀gbọ́n mi? Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

Rárá o, Ìyá Ìbejì, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé owó ló ń lé yín, mo sì mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó bá rí i tí wọ́n ju nǹkan olówó gọbọi nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ti wà láàárín àwọn okùn ike tín-ín-rín yẹn, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ tán, ohun tí wọ́n fi kùn ún náà á ti bàjẹ́, àrùn ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lè wà níbẹ̀. Èèyàn kan, páìpù kan. Tówó ò bá tó èyí tí wọ́n kùn, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè lo èyí tí wọn ò kùn, torí wọ́n ti fi irú ẹ̀ gba ẹ̀mí là fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1974 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, ní UNTH ní Enugu, páìpù tí wọ́n kùn bíi tòde òní ò tíì sí lọ́jà. Páìpù tuntun tí wọn ò kùn dáa ju èyí tí wọ́n kùn tẹ́nì kan ti lò lọ, kò sí àní-àní.

Genotype mi ni AS, tàbúrò mi ni SS. Ṣé ohun tí wọ́n fi ń kun páìpù yìí lè dáàbò bò wá tá a bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí? Ẹni tó ń kàwé yín, Òṣogbo.

Ó máa ń dáàbò bo platelet, kò lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa yín lọ́wọ́ kó ká bíi dòjé. Òtútù, àìtó ọ́síjìn àti kí ásíìdì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń mú sẹ́ẹ̀lì ká, a sì máa ń mú aláìsàn tutù lórí máṣíìnì, àfi ká mọ̀ ṣáájú kí á má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS, tá a bá jẹ́ kára ẹ̀ gbóná dáadáa, tá a sì ń ṣọ́ ọ́síjìn ẹ̀, wọ́n sábà máa ń là á já wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti àbúrò yín ló gba ìmúrasílẹ̀, wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ apá púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ká ṣe é lórí máṣíìnì nígbà tá a bá ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín, genotype ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n sọ fún ẹni tó máa jókòó ti máṣíìnì náà.